Agbẹ̀bí Tí Wọ́n Yá fún Ọjọ́ Kan

Ẹ hó ìhó ayọ̀ sí Ọba tí ipò rẹ̀ kò ṣófo rí! Ẹ tún un hó! Ọba tí kì í gba kọ̀ǹjé lọ sinmi, tí kì í ní ká padà wá lọ́la! Olúwa, mo dúpẹ́ o. Ìjọ, ohùn yín mà kéré, àbí ẹ ò tíì jẹun? Bọ̀n, ó dáa.

Èmi ni Ìyá Débórà, èmi tí mò ń ta gààrì lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Àwọn kan nínú yín ti bẹ̀ mí pé tí mo bá dìde, kí n kàn sọ pé ọmọ mi bí tibi-tire, kí n jó díẹ̀, kí n jókòó. Mi ò ní jókòó. Ẹ̀rí tí mo gbé wá yìí ń korò lẹ́nu mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ tán.

Gbogbo wa la mọ ilé ìgbẹ̀bí abúlé wa yìí, lọ́nà Alafiarou. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu, àga rẹ̀ sì ṣófo. A lọ bá májọ̀, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ìyá. Wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́." Òjò rọ̀, òjò dá. A tún lọ. "Ẹ fara balẹ̀, wọ́n ti ń wá a." Iṣu ta, a wà á, a jẹ ẹ́ tán, wọ́n ṣì ń wá a! Ṣé abẹ́rẹ́ ló sọnù sínú koríko ni? Bí obìnrin bá ń rọbí, ẹ̀yìn ọ̀kadà zẹ́mì la ń gbé e sí, ó di Tchaourou, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì. Ìyàwó Jónà bímọ sábẹ́ igi kaṣú lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìjọba tiwa-n-tiwa la wà, wọ́n ní àwa la nìlú. Àwa onílùú náà la wá ń bímọ sábẹ́ igi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìrọbí mú Débórà láàárọ̀. Òun nìkan ló kù fún mi nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mò ń wá zẹ́mì kiri ni aládùúgbò mi kan sáré pàdé mi. "Ìyá Débórà, ẹ má lọ Tchaourou mọ́! Agbẹ̀bí ti dé! Ojú mi ló ṣe!" Hẹ̀ẹ́n! Mo jó láàárín títì. Jésù, o ṣeun! A gbé ọmọ lọ.

Lóòótọ́, obìnrin kan wà níbẹ̀, aṣọ funfun báláú lọ́rùn rẹ̀. Tata Sàkínà, ìyẹn Àǹtí Sàkínà, ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti kun ògiri, òórùn ọ̀dà ń ta síni nímú. Àwọn àlejò láti Kútọnu wà nínú ọgbà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa lọ láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì, kí wọ́n wò ó bóyá iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ, bóyá olúkúlùkù wà ní ipò rẹ̀. Kàlìté ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Kàlìté! Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Tata Sàkínà fọwọ́ kan ikùn Débórà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá, ìdí ni ọmọ yìí fẹ́ fi jáde. Ó ti ń bọ̀, a ò lè gbé e lọ síbì kankan mọ́. Ẹ má fòyà, mo wà pẹ̀lú yín." Ọkàn mi balẹ̀.

Àwọn àlejò wọlé, wọ́n kí Tata Sàkínà, wọ́n ní ó dáa, gbogbo ipò ló kún. Wọ́n bá lọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ jẹ adìẹ tí májọ̀ sè fún wọn. Kò pẹ́ ni májọ̀ yọ orí wọ yàrá. "Tata, mọ́tò ti ń dúró. Ẹ jẹ́ ká dá yín padà kílẹ̀ tó ṣú."

Mo ní, "Dá ta padà? Síbo?"

Tata Sàkínà ló dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ mi, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Èmi kì í ṣe ti ibí. Abúlé kan lẹ́yìn Sanson ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n yá mi wá nítorí àwọn àlejò ni. Kò sí ẹlòmíì níbi tí mo ti wá, mo kàn ti ilẹ̀kùn ni."

Yá! Bí ẹni yá àga fún ìsọmọlórúkọ! Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹni: bí kò fúnni lápá, a ṣoni lẹ́yìn. Májọ̀ ní, "Ìyá, ẹ rọra. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ipò ṣófo níbí, orúkọ wa á bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

Mo ní, "Orúkọ? Ọmọ mi ń kú lọ, orúkọ lò ń sọ fún mi? Tí ẹ bá ń fi ẹni àyálò dí ihò yìí lójú àlejò, ta ló máa fi ojúlówó ránṣẹ́ sí wa? Ìwọ gan-an lò ń pa wá!"

Mo bẹ́ síta. Gèlè mi já bọ́, mi ò wẹ̀yìn. Mo lọ kúnlẹ̀ gbì sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo dí yín lẹ́nu oúnjẹ. Ẹ bá mi bẹ májọ̀, kó jẹ́ kí agbẹ̀bí tó yá wá yìí dúró títí ọmọ mi á fi bímọ."

Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tó gbọ́ èdè wa. Ó gbé itan adìẹ sílẹ̀. "Tó yá wá? Báwo ni, tó yá wá?" Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó wo májọ̀. Májọ̀ wo ilẹ̀. Obìnrin náà ní, "Mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ kúrò níbí."

Olúwa ṣeun! Ẹ bá mi sọ ọ́, Olúwa ṣeun! Tata Sàkínà ṣe é, òógùn bò ó. Ìdí ọmọ kọ́kọ́ jáde, orí kọ́. Orí wá jáde, ọmọ dákẹ́. Ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó fi aṣọ ra á lára, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Mo ti káwọ́ lérí. Ọmọ bá ké. Ìjọ, ó ké! Débórà nìyẹn níwájú yín, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ara ọmọ mi yá, mo ru iṣu, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tata Sàkínà lẹ́yìn Sanson. Mo bá obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí wọn, Àlhájà kan báyìí. Inú mi ń dùn, mò ń ròyìn. Ó ní ọjọ́ wo ni? Mo sọ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn la gbé ìyàwó ọmọ mi wá síbí. A bá ilẹ̀kùn ní títì. A kàn án, a kàn án. Ìyá yè. Ọmọ kú."

Iṣu bọ́ lórí mi. Mo bú sẹ́kún. Obìnrin yẹn ló tún fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi. Ó ní, "Má sunkún. Ìwọ kọ́ lo yá a."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jó lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, tẹ́ ẹ ní agbẹ̀bí tuntun ti dé sí abúlé wa, ta ni agbẹ̀bí náà? Ẹ dá mi lóhùn! Tata Sàkínà kan náà ni! Wọn ò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Wọ́n kàn ṣí i nípò lọ́hùn-ún wá síbí ni. Wọ́n ní ipò ti kún. Ó kún níbí. Lẹ́yìn Sanson, wọ́n ti ń sọ fáwọn ìyá ibẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa gbà. Pásítọ̀ ní, "Ìyá Débórà, gba ìbùkún rẹ, má bi Ọlọ́run léèrè." Pásítọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ọlọ́run kọ́ ni mò ń bi léèrè.

Ìwọ tó wà nínú ìṣòro lónìí, má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n má tijú láti dí wọn lẹ́nu oúnjẹ. Tí wọ́n bá sì ní ipò ti kún, ní kí wọ́n fi ẹni náà hàn ọ́, kí o bi í pé, "Níbo lò ń sùn?"

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti Àlhájà yẹn ń lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Tchaourou. A ó tẹ́ ẹní, a ó jókòó títí wọ́n á fi gba agbẹ̀bí mìíràn fún àwọn ìyá ẹ̀yìn Sanson. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi dúpẹ́, kó wá jókòó tì wá. Àlhájà ní kí n gbé ọmọ náà dání, òun fẹ́ gbé e. Èmi á gbé e fún un. Ọpẹ́ mi nìyẹn.