Ìran Tí N Kò Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi kiri. Ìkìrun ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán, ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n, wòlíì ìjọ wa náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé e kiri nínú mi, mo sì rò pé màá gbé e wọ sàréè ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ìkórè ìjọ wa ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ti ṣètò pé lọ́jọ́ náà, ìyá ọkọ mi yóò dúró níwájú gbogbo ìjọ, wọn yóò jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn. Wọn kì í ṣe àjẹ́. Èmi ni mo sọ wọ́n di àjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó gbé mi ṣépè.

Ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ń fojú mẹ̀kúnnù rí màbo ni bàbá ọkọ mi kú ní Òkukù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ṣọlá, àkọ́bí mi, nígbà náà. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, ní kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkìrun, kí wọ́n lè máa bá mi wo ọmọ, kí wọ́n má sì dá nìkan wà. Inú mi dùn sí i. Ta ni kì í fẹ́ ẹni tó máa báni gbé ọmọ?

Ṣùgbọ́n a ò jọ wà pẹ́ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ni mí. N ò ní purọ́ mọ́ ìyá, wọn kì í ṣe oníjà. Èmi gan-an ni mo máa ń tètè bínú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Tí mo bá se ọbẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á rọra fi iyọ̀ sí i, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Tí mo bá pọn ọmọ, wọ́n á ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un pọ̀n. Tí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jókòó sí. Èwo ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀? Kò sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí.

Èyí tó dùn mí jù, ẹ lè rẹ́rìn-ín tí ẹ bá gbọ́ ọ. "Ìyàwó" ni ìyá máa ń pè mí. Nígbà tí Ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, "Ìyàwó" ni òun náà ń pè mí, ìyá àgbà ló wá ń pè ní "Màmá". Gbogbo ará ilé ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á pe ọmọ náà pé kó wá pe ìyá rẹ̀ káwọn gbọ́, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, màá sì yára padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lójúde, orúnkún rẹ̀ bó. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gba iwájú mi kọjá, ó lọ ń sunkún lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ìyá gbọ́dọ̀ padà sí Òkukù.

N ò lè sọ fún ọkọ mi pé kó dá ìyá rẹ̀ padà. Kí ni màá sọ pé wọ́n ṣe? Ibi tí èrò búburú náà ti wá sí mi lọ́kàn ni ilé ìsìn.

Ní ìjọ wa, lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí ìran. Ẹni náà á kúnlẹ̀, á sọ ohun tó rí, gbogbo ìjọ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Wòlíì kì í gba ìran kankan wọlé àfi tí ẹlòmíràn bá dìde tó ní òun náà rí i. Wọ́n ní ìran gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi tinú ara rẹ̀ yọ ìjọ lẹ́nu. Òfin yẹn ni mo gbójú lé. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa jẹ́rìí sí i, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá á ti gbọ́, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á fúnra wọn sọ pé àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. N ò rí ìran rí láyé mi.

Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Mo gbọn ara bí àwọn aríran ṣe máa ń gbọ̀n. Mo ní, "Mo rí ọwọ́ àgbà kan lórí ọmọ mi. Ọwọ́ náà wúwo. Inú ilé ló ti wá."

N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo di ojú mi, mò ń retí kí wòlíì ní ká máa bá ìsìn lọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Olómi lẹ́yìn mi. Ìyá arúgbó kan ni wọ́n, àwọn ló ń tọ́jú omi àdúrà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, "Mo jẹ́rìí sí i. Èmi náà rí i. Kò wọ aṣọ funfun."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Gbogbo wa la wọ sùtánà funfun. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò ní, nítorí ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ ní Òkukù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àdìrẹ ni wọ́n ró. Gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ wọn. Títí di òní, n ò mọ ohun tí Ìyá Olómi rí. N ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi ojú lásán rí lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n sọ. Wọ́n ti di olóògbé, n ò lè bi wọ́n mọ́. Ó yẹ kí n dìde lójú ẹsẹ̀ kí n ní irọ́ ni mo pa. N ò dìde.

Àwọn àgbà ìjọ pe ìyá síwájú, ìyá sì kúnlẹ̀. Ohun tó ń lọ ò tíì yé wọn. Wọ́n rò pé àdúrà fún ọmọ-ọmọ wọn ni, àmín wọn ló sì ròkè jù nínú ilé ìsìn náà.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo ìjọ ti ń pe ìyá ní àjẹ́, ọkọ mi náà gbà á gbọ́, ó sì ti mú wọn lọ sí ibùdókọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, mo gbé ọmọ dání. Ìyá gbà á lọ́wọ́ mi láti kí i pé ó dàbọ̀, ọkọ mi sì já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wá wọ inú bọ́ọ̀sì lọ.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Ìkìrun sí Òkukù kò jìnnà, ọ̀rọ̀ náà wọ mọ́tò tẹ̀ lé wọn ni. Àkàrà ni ìyá ń dín ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ iléèwé ló sì ń rà á jù. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún ọmọ wọn. Nígbà tó yá, ìyá á dín àkàrà, wọ́n á jókòó tì í títí oòrùn á fi mú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á jẹ ẹ́. Wọ́n kó lọ sí Inisa lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sun ibẹ̀. Wọ́n padà sí Òkukù, wọ́n ń dá gbé. Tí mo bá gbọ́ ìròyìn báyìí, màá sọ pé Ọlọ́run á ṣàánú, màá tún bá aṣọ rírán mi lọ.

Lẹ́yìn tí ìyá lọ, gìrì mú Ṣọlá. A gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ibà ni, ó sì tọ́jú rẹ̀. Etí mi ni dókítà sọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní ìjọ, wọ́n ní ìyá ló ń ta ọfà láti Òkukù. Wọ́n ní kí n wá ṣe ìdúpẹ́ pé ìran mi ti kó ọmọ náà yọ. Mo sì lọ. Mo jó dé iwájú pẹpẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Ó dà bí ẹni pé irọ́ tí mo pa ti dìde, ó ti ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó ń rìn bọ̀ wá sílé mi. Àwọn ìgbà kan wà tí èmi fúnra mi á máa rò ó pé àbí mo rí nǹkan náà ni.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní aríran. Wọ́n sọ mí di olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì fún àwọn obìnrin. Lọ́dún yìí, ẹ̀kọ́ tó kàn wá ni ibi tí Jésù ti ń sọ pé bí èèyàn bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tó wá rántí pé ẹnì kan ní ohun kan sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni náà làjà. Mo kọ́ wọn dáadáa. Mo sọ fún wọn pé ìhìnrere kì í ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi nìkan, pé ilé ìdáná àti ìsọ̀ ni a ti ń mọ onígbàgbọ́. Ìyàwó kékeré kan, tí kò tíì pẹ́ tó dé ìjọ, wá bi mí léèrè. Ó ní, "Mọ́mì, tí ẹni tí a ṣẹ̀ ò bá mọ̀ pé a ṣẹ òun ńkọ́?"

Mo ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N ò tíì dá a lóhùn títí di ìsinsìnyí.

Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló wọ ọkọ mi lára, nítorí wòlíì wàásù lé e lórí. Ó ní òun fẹ́ lọ bá ìyá òun làjà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ó lọ sí Òkukù, ó bá ìyá lórí àìsàn, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Kó tó sọ̀rọ̀ ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ti rò ó títí. Wọ́n ní gbogbo ayé ò lè máa sọ ohun kan kó máà rí bẹ́ẹ̀, pé bóyá nǹkan kan wà lára àwọn tí àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní kó mú àwọn lọ sí ìjọ káwọn lè jẹ́wọ́, kí nǹkan náà kúrò lára àwọn, káwọn lè kú sáàárín àwọn ọmọ àwọn.

Ọkọ mi sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní ṣé mo rí bí ìhìnrere ṣe lágbára tó.

Ó gbé wọn wá sílé wa. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá ọkọ mi! Mo yára dì wọ́n mú. Wọ́n ní kí n forí ji àwọn nítorí ọmọ mi. Ọkọ mi dúró, ó ń wò mí. Mo ní mo ti forí jì wọ́n.

Wòlíì ní ọjọ́ ìkórè ni wọ́n máa jẹ́wọ́, nítorí ọjọ́ yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí fún gbogbo ènìyàn. Ó ní èmi tí mo rí ìran náà ni kí n fà wọ́n lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ìyá pè mí wọ yàrá. Wọ́n ní, "Ìyá Ṣọlá, ìwọ lo rí i. Sọ ohun tí mo ṣe fún mi, kí n lè jẹ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Mo ti ronú títí, n ò rántí."

Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ti dé etí ètè mi. Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò, mo sì ronú kan ojú tó máa fi wò mí. Mo ní kí wọ́n sọ pé àwọn máa ń gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí tó bá ń sùn.

Wọ́n wá mi orí.

"Òótọ́ ni," wọ́n ní. "Mo máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo rò pé àdúrà ni mò ń gbà fún un."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọlọ́run jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí wòlíì? Tí mo bá sọ ọ́, mo mọ̀ pé ilé mi tú. Ṣọlá ti ń lọ sí girama báyìí, òun náà á gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Tí n kò bá sọ ọ́, ìyá á kú pẹ̀lú orúkọ tí mo fún wọn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ tètè dá mi lóhùn, ọjọ́ ń lọ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ ohùn ìyá láti inú yàrá. Wọ́n ń tún ohun tí mo kọ́ wọn sọ, kí wọ́n má baà gbàgbé.