Bẹ́líìtì Tó Bá Ọkọ̀ Wá

Mo ń dúró de ọkọ̀ mi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìsọlọ̀, nígbà tí awakọ̀ píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan àti obìnrin tó háyà rẹ̀ láti kó páálí ẹja yìnyín kọjú síra wọn lórí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tó já. Mẹkáníìkì na tuntun sí awakọ̀, kò gbà á.

“Màdáámù, ẹ ní sùúrù. Mi ò kí ń lo tuntun tí wọ́n ń tà níbí. Èyí tó já yìí ló bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun. Orijínà ni. Mo ti ránṣẹ́ lọ wá tòkunbọ̀ irú ẹ̀.”

“Orijínà tí ẹ ń fi ọṣẹ pa láràárọ̀ kó má baà pariwo? Láti Apakun ló ti ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.”

“Mo ní ó bá a wá ni.”

“Ẹ̀gbọ́n, eyín tí ẹ kọ́kọ́ hù ní kékeré ńkọ́? Ṣebí orijínà lòun náà. Nígbà tó yọ, ṣé tòkunbọ̀ ni wọ́n lọ wá fún yín?”

Mẹkáníìkì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ fi bẹ́líìtì tó já náà kọ́ ọrùn.

“Kí lobìnrin mọ̀ nípa ọkọ̀?”

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, níbi tí omi yìnyín ti ń kán sílẹ̀.

“Òótọ́ ni, mi ò mọ ọkọ̀. Ẹja ni mo mọ̀. Òkè òkun lèyí náà ti wá, orijínà ni. Ẹ ṣáà máa dúró. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Ìsọlọ̀ ló máa gbóòórùn orijínà.”