Orí Méjìlá Pé, Bàtà Kan Kù

Aago méje òwúrọ̀ àná ni o, Ẹ̀gbọ́n, òòrùn ti yọ, atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́! Kí wọ́n má wá sọ fún yín pé ìgbì ló fà á. Ìgbì wo? Mo ní kò sí ìgbì! Rárá, ẹ má ní kí n jókòó, ẹ jẹ́ n dúró sọ ọ́, ìdí mi ò gba ìjókòó láti àná.

Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú mi lọ bá ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ojú omi yẹn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ ní ọkọ àbúrò yín ni mí, ẹ ní mi ò lẹ́nu púpọ̀ ṣùgbọ́n mo lápá. Ṣé mo ti dójú tì yín rí? Èmi ni mò ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ tí àwọn àlejò ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wọ inú omi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èmi ni mò ń ṣan gíláàsì ojú wọn. Èmi ni mò ń ju ìdákọ̀ró, èmi náà ni mò ń fà á sókè. Ṣé ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi rí?

Àlejò méjìlá la gbé lánàá. Àwọn mẹ́jọ bá amọ̀nà lọ sísàlẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù ń léfòó, wọ́n dojú délẹ̀, wọ́n ti ọ̀pá kan bọ ẹnu tí wọ́n fi ń mí, wọ́n ń wo ẹja. Ìyá kan wà nínú àwọn mẹ́rin yẹn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó dá wá ni. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ẹja òkun, inú ìwé nìkan lòun ti rí i. Ó kí mi, Ẹ̀gbọ́n. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló kí mi.

Ìgbà tó yá, àwọn àlejò ti ń gòkè padà, a fẹ́ máa lọ, okùn ìdákọ̀ró há sábẹ́ òkúta. Ta ló máa bẹ́ sómi? Èmi náà ni! Mo tú u, mo gòkè, mò ń gbọ̀n, àlejò kan ṣàánú mi, ó ju aṣọ ìnura sí mi, ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó. Àbí mo ní mi ò jókòó? Mo jókòó, mo fi aṣọ bo orí bíi tàwọn yòókù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mo búra, kò sí òmíràn!

Amọ̀nà wá dúró lẹ́yìn wa, ó ń fi ìka ka orí. Ẹ̀yìn ló ti ń kà á o, kò wo ojú ẹnikẹ́ni! Méjìlá. Ó ní ó pé, ó ní kí awakọ̀ ṣíná sí ẹ́ńjìnnì. Háà! Orí tèmi ló fi dí ti tíṣà! Ọdún mẹ́fà, kò kà mí sí èèyàn rí, ọjọ́ tó máa kà mí, ó wá kà mí mọ́ àlejò! Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn méjìlá tiẹ̀ yẹn, ìyá ọlọ́mọ ni!

Mi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀, ìwé kẹta ni mo dé. Ṣùgbọ́n mo lọ́gbọ́n tèmi. Bí àlejò bá ń wọ ọkọ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Bí wọ́n bá ti gòkè láti inú omi, èmi ni mò ń fún oníkálukú ní tiẹ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ṣófo, gbogbo wọn ti dé nìyẹn. Mo bojú wo apẹ̀rẹ̀: bàtà awọ pupa kan jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ dákun, bàtà kan kù." Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́. Amọ̀nà ní, "Bàtà là ń kà ni, àbí orí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ. Ó ní kí n lọ tọ́jú okùn mi. Ọkọ̀ sì ti ń yí o! Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ bá ṣe? Ẹ sọ ọ́!

Mo gbé ìdákọ̀ró, mo jù ú padà sómi! Ọkọ̀ dúró gbì, àlejò kan fẹnu gbá irin, ẹ̀jẹ̀ jáde, amọ̀nà pè mí ní wèrè. Ìgbà yẹn ni mo wá pariwo, èmi tí n kì í pariwo: "Tíṣà dà?" Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri.

Ẹ̀yìn àpáta la ti bá a. Ẹja ló tẹ̀ lé débẹ̀. Ó di òkúta mú, ètè rẹ̀ ti funfun. Etí rẹ̀ wà nínú omi, báwo ló ṣe máa gbọ́ fèrè tí amọ̀nà fọn pé kí wọ́n gòkè? Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi gúnlẹ̀.

Àárọ̀ yìí wá ni ọ̀gá na ìwé yìí sí mi. Awakọ̀ ló kà á fún mi, kò lè wojú mi. Ìwé ọ̀hún ní mo jókòó síbi tí kì í ṣe tèmi, mo da kíkà rú, mo ṣe àlejò léṣe. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i kó tó dọ̀la, kí n má wá mọ́. Tíṣà ò sí nínú ìwé náà o! Ẹ wá a, ẹ wá a títí, kò sí níbẹ̀!

Kí lẹ wí? Kí n fọwọ́ sí i kí àlàáfíà lè wà? Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n? Áà! Bí mo bá fọwọ́ sí èyí, mo ti ní kí amọ̀nà máa ka orí láti ẹ̀yìn lọ nìyẹn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn àpáta lọ́jọ́ mìíràn, ta ló máa ju ìdákọ̀ró fún un?

Ẹ gba bírò. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ yí bébà yẹn padà, ọ̀gá ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ fi tíṣà sí i, ẹ má sì yọ ìjókòó tí mo jókòó kúrò. Kí lẹ ń wò? Orúkọ mi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ, mo sì ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn náà pátápátá ná. Ẹ̀yin ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà títí débẹ̀.