Tíì Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́

Ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi, kó o wá jókòó. Dókítà ti ní ọ̀rọ̀ mi ti kọjá agbára òun, mi ò sì ní gbé èyí wọ sàréè: èmi ni mo pa ìyá ẹ.

Má pariwo. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti jọ ń ránṣọ, Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pe ìyá ẹ. Lọ́jọ́ kan, omidan kan wá gba aṣọ ìgbéyàwó tí mo rán. Ìyá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá fa bíléèdì yọ, ó tú u lójú oníbàárà. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi ò ríran dáadáa mọ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi. Mo ní ó dáa, a jọ máa rí i.

Eruku máa ń mú kí ara yún wa, ká máa sín. Tá a bá fẹ́ tú báálì aṣọ, ẹni tó dàgbà jù ló máa ń pín oògùn ara yíyún, hóró kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo dàgbà jù. Mo fún un ní tiẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Mo wá lọ ìyókù páálí náà kúnná sínú tíì ẹ̀, mo bu ṣúgà sí i dáadáa. Oògùn tí wọ́n ń tà káàkiri, kí ló fẹ́ fi èèyàn ṣe? Mo kàn fẹ́ kó sùn lé aṣọ oníbàárà lórí, kí wọ́n fi òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó tòògbé lóòótọ́. Inú mi dùn, ìkà èmi yìí! Àfi bó ṣe ta jí, ó ranjú, ara ẹ̀ gbóná, ètè ẹ̀ gbẹ, ó ń fa òwú tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ó na ọwọ́ òfìfo sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí." Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló lò. Ká ní mo sọ ọ́ ni, bóyá wọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Mo ní, "Èmi ò mọ̀ o." Gìrì gbé e, kò sì jí mọ́.

Wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ ló ṣi oògùn lò. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé ẹ wálé, mo sì jẹ́ kó o máa pè mí ní Mọ́mì.

Sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé oògùn yẹn kì í ṣe súìtì. Ẹni tó bá lò ó jù, kí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ òótọ́. Ní tèmi, mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí. Tó ò bá lè ṣe é, ìwọ náà lò ń po tíì mi láràárọ̀. Mi ò ní bi ẹ́ ní ohun tó o fi sí i.