Íǹṣì Mẹ́ta Tí Mo Fi Kún Un

Ẹ ti fèrèsé yẹn, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọlẹ̀. Dókítà ò fi ohunkóhun pamọ́ fún mi, ẹ̀yin náà sì gbọ́ ohun tó sọ, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ní kí n sinmi. Àbúrò mi, jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ yẹn. Má sún mọ́ mi. Tí o bá di ọwọ́ mi mú bí o ṣe máa ń ṣe, mi ò ní lè sọ ọ́. Ìwọ ọmọbìnrin mi, ṣé o mú téèpù ìwọ̀n tí mo ní kí o mú wá láti ṣọ́ọ̀bù? Ó dáa. Mú un dání.

Gbogbo yín mọ̀ pé iṣẹ́ ṣíṣe igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Mo ń gé ọ̀pá rẹ̀, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ orí irin mọ́ ọn, mo ń fi rọ́bà ìdìmú bọ òkè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé ẹni tó bá ga ló yẹ kó lo igi gígùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga tí apá rẹ̀ náà sì gùn, ọwọ́ rẹ̀ ò jìnnà sí ilẹ̀ ju tàwa yòókù lọ. Ọrùn ọwọ́ sí ilẹ̀ ni à ń wọ̀n, kí onítọ̀hún dúró ṣánṣán, kó sọ apá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wo bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń fi agbára gbá a, ọ̀pá líle ni tirẹ̀. Ẹni tó ń rọra gbá a, ọ̀pá tó ń tẹ̀ díẹ̀ ni. Mo mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, òun náà ni mo sì fi ba ayé ọmọ ìyá mi jẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo èèyàn ní pápá gọ́ọ̀fù ń pe àbúrò mi yìí nígbà yẹn. Ó ga, apá rẹ̀ sì gùn débi pé mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó lè so okùn bàtà láìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù. Láàárín ọdún mẹ́ta ó ti mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò dà bí ẹni tó ń ṣe wàhálà kankan. Nígbà tí wọ́n ń wá olùkọ́ sí pápá, àwa méjèèjì la fi orúkọ sílẹ̀. Akọ̀wé wọn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Ìdánwò nìkan ló kù, àbúrò yín ti gba iṣẹ́ yẹn tán." Mo ní mo dúpẹ́. Ìlara ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ní ọjọ́ kejì ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, igi mi ti gbó. Ẹ bá mi ṣe tuntun tí màá fi ṣe ìdánwò. Mi ò lè gbé e fún ẹlòmíì." Mo ní kó dúró ṣánṣán. Ohun tí mo rí lórí téèpù ni íǹṣì márùndínlógójì. Ohun tí mo pè ni méjìdínlógójì. Kò tiẹ̀ wo téèpù. Ta ló ń yẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wò? Mo ṣe igi náà gùn, mo sì mú ọ̀pá tó le jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Baba Onígọ́ọ̀mù, arúgbó tó ń bá mi ṣiṣẹ́, gbìyànjú láti tẹ ọ̀pá náà, kò tẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì í mú? Eléyìí ti le jù fún ọwọ́ ọmọ yẹn." Mo ní, "Baba, ẹ lẹ ohun tí mo ní kí ẹ lẹ̀." Ó wò mí títí, ó sì lẹ̀ ẹ́. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́ títí ó fi kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó rí igi náà ní ó bá a mu, torí pé ó ga. Lọ́jọ́ ìdánwò, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sá lọ sápá ọ̀tún, kò sì gbéra nílẹ̀ dáadáa. Èmi ni wọ́n fún níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló burú jù.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé igi yìí ò gùn jù? Ó ń ṣe mí bíi pé igi ẹlòmíì ni mo mú dání." Mo ti gba iṣẹ́ náà. Mo lè sọ pé mo ṣì í wọ̀n, kí n gé e, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Èmi ọ̀dájú yìí, mo tún wọ̀n ọ́n, mo tún pe méjìdínlógójì. Mo ní, "Kò sóhun tó ṣe igi. Ara ẹ ni kò gbé e mọ́. Fi agbára sí i." Ó gbà mí gbọ́. Àràárọ̀ ló ń lọ fi agbára sí i, títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi dún lọ́jọ́ kan, tó sì ṣubú sórí koríko. Èmi ni mo gbé e délé. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ò ní gbà yín lọ́wọ́ wa." Mo ṣe àmín.

Láti ìgbà náà, koríko pápá yẹn ló ń gé. Mo ti fetí ara mi gbọ́ ọ tó ń sọ fáwọn èèyàn pé, "Èmi ò lẹ́bùn ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín." Láti oṣù méjì tí mo ti dùbúlẹ̀, òun náà ló ń wẹ̀ mí.

Àbúrò mi, dìde. Ọmọ mi, wọ̀n ọ́n, kí o pe ohun tí o bá rí gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe fún gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ì báà jẹ́ ẹni tí o kórìíra. Mo fẹ́ kó gbọ́ márùndínlógójì lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó lọ.

Mélòó? Tún un wọ̀n. Ní kó dúró ṣánṣán. Kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀, mi ò sì ronú kan ìyẹn. Àbúrò mi, mi ò rí i dá padà fún ọ mọ́. Bú mi tí o bá fẹ́ bú mi. Tí o bá lè dárí jì mí, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Tí o kò bá lè ṣe é, jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ̀ mí lọ́la.