Ewúrẹ́ Tó Mọ Ọ̀nà Ẹnu Òkè

[Ọ̀sán ni, ọ̀la sì ni ọdún Kasada, tí àwọn ará Tengger máa ń ju ọrẹ wọn sí ẹnu òkè Bromo, ihò ńlá tó ń rú èéfín lórí òkè náà. Ìyá Rini, tó ń gba àlejò sílé ní abúlé Ngadisari, ló pe Karsono àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ Karsono ni kó fi ẹṣin gbé àlejò la pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyanrìn kọjá dé ìdí àtẹ̀gùn òkè náà. Fóònù kì í gbọ́ràn dáadáa níbẹ̀, pàápàá tí èèyàn bá ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ.]

ÌYÁ RINI: Háló. Karsono, o kú iṣẹ́ o.

KARSONO: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, ẹ kú—

ÌYÁ RINI: Ó tó. Bátìrì mi ti fẹ́ kú. Ẹṣin wo lo fẹ́ gbé fún Ìyá Galih àlejò mi lọ́la?

KARSONO: Kliwon.

ÌYÁ RINI: Kliwon kẹ̀? Kliwon tó gbé dókítà yẹn ṣubú lọ́jọ́sí?

KARSONO: Kò gbé e ṣubú. Dókítà yẹn ló sọ̀ kalẹ̀ kí ẹṣin tó dúró.

[Ẹṣin kan fọn imú nítòsí fóònù, bí ẹni tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́.]

ÌYÁ RINI: Ẹṣin aláwọ̀ eérú yẹn ni kó o gbé fún un, èyí tó ti darúgbó. Fi tìmùtìmù sórí gàárì. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí àtẹ̀gùn, ìwọ mú un lọ́wọ́ ọ̀tún, kí Bàbá Tini tẹ́ ẹ jọ ń fa ẹṣin mú un lọ́wọ́ òsì. Tẹ́ ẹ bá gùn ún díẹ̀, kó jókòó, kó sinmi. Kẹ́ ẹ tó dé ibi tí èéfín wà, fún un ní aṣọ tó máa fi bo imú, kí òórùn imí ọjọ́ yẹn má baà lé e padà. Lẹ́yìn náà kó o bu omi atalẹ̀ fún un—

KARSONO: Wọn ò ní mu ún.

ÌYÁ RINI: Mo mọ̀. Má rán mi létí, ó ń dùn mí. Obìnrin wá wo ilé tí ọmọ ẹ̀ ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ó gbé tíì tiẹ̀ wá, ó gbé ṣúgà tiẹ̀ wá. Ìrẹsì tiẹ̀ ló ń sè lórí ààrò mi. Mo gbé ọ̀dùnkún gbígbóná síwájú ẹ̀ lánàá, ó ní òun kì í jẹ nǹkan ẹni tóun ò tíì bá parí ọ̀rọ̀.

KARSONO: Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

ÌYÁ RINI: Ọ̀rọ̀ wo ni ò tíì parí? Galih fẹ́ Rini, Rini fẹ́ Galih. Ó ní òun fẹ́ dé ẹnu òkè lọ́jọ́ ọdún kóun tó sọ ohunkóhun. Látìgbà tó ti dé, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Karsono. Mo rò pé ó ń wá ibi tó máa gbà kọ̀ ni. Ṣé o gbọ́ mi?

[Afẹ́fẹ́ ń gbá iyanrìn.]

ÌYÁ RINI: Karsono? Ṣé o gbọ́ mi?

KARSONO: Mo gbọ́. Iyanrìn ló wọ̀ mí lẹ́nu. Ẹ máa wí.

ÌYÁ RINI: Nítorí náà, kí gbogbo ẹ̀ lọ geerege lọ́la. Kó gun òkè láìfi ẹsẹ̀ kọ, kó rí wa pẹ̀lú ewébẹ̀ wa àti ewúrẹ́ wa, kó rí i pé ọmọlúàbí ni wá. Ewúrẹ́ ńkọ́?

KARSONO: Ewúrẹ́ wà.

ÌYÁ RINI: Ó sanra?

KARSONO: Ó sanra dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé afẹ́fẹ́ ò pọ̀ lọ́dọ̀ yín?

ÌYÁ RINI: Má fi afẹ́fẹ́ dá mi lóhùn. Mo kọjá lẹ́yìn ọgbà rẹ láàárọ̀ nígbà tí mò ń lọ sóko. Mo rí i lókèèrè. Ó jọ pé etí ẹ̀ kan ya.

KARSONO: Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ letí wọn máa ń ya.

ÌYÁ RINI: Etí òsì.

KARSONO: Ẹ̀gún ni, ẹ̀gún pọ̀ lápá—

ÌYÁ RINI: Karsono. Ewúrẹ́ tí mo jù sẹ́nu òkè lọ́dún tó kọjá, etí òsì ẹ̀ ya.

[Ẹṣin kan ń jẹ koríko.]

KARSONO: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

ÌYÁ RINI: Mò ń gbọ́ ẹ.

KARSONO: Nígbà tẹ́ ẹ jù ú lọ́jọ́ yẹn, Mislan wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n.

ÌYÁ RINI: Ìgbà wo ni Mislan ò sí níbẹ̀? Lọ́dọọdún ni òun àtàwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ máa ń dúró nínú ẹnu òkè yẹn, tí wọ́n ń na àwọ̀n láti fi hán ohun tá a bá jù. Mi ò bá wọn jà rí. Tí nǹkan bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di ti òkè. Ẹni tí òkè bá fún, kó máa gbé e lọ.

KARSONO: Òkè fún Mislan. Mislan tọ́jú ẹ̀, ó sanra. Lóṣù tó kọjá ó ní ọ̀dùnkún lòun ń wá. Èmi sì ní ọ̀dùnkún lọ́wọ́.

ÌYÁ RINI: Ọ̀dùnkún mi. Èyí tí mo kó fún ẹ pé kó o fi wá ewúrẹ́ gidi fún mi.

KARSONO: Ewúrẹ́ gidi náà ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́kọ́ yàn án.

[Ìyá Rini mí kanlẹ̀.]

ÌYÁ RINI: Ṣé kí n wá mú nǹkan òkè kí n tún fi ta òkè lọ́rẹ? Kí n fi ẹran kan náà tọrọ, kí n tún fi í dúpẹ́?

KARSONO: Mo ti bi baba àlùfáà. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Òkè ló fún Mislan, Mislan fún mi, ó ti di tiwa. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

ÌYÁ RINI: Díẹ̀ báwo?

KARSONO: Wọ́n kọ́kọ́ jókòó ná kí wọ́n tó lè rín in parí.

ÌYÁ RINI: Ó dáa. Ó ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dé etí Ìyá Galih. Ṣé o rántí ohun tí mo fi ewúrẹ́ yẹn tọrọ?

KARSONO: Ọkọ fún Rini.

ÌYÁ RINI: Rọra sọ̀rọ̀.

KARSONO: Ẹṣin nìkan ló wà níbí.

ÌYÁ RINI: Mo tọrọ ọkọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ọ̀kadà Galih kú sẹ́nu ọ̀nà mi, Rini sì gbé omi fún un. Tí ìyá ẹ̀ bá gbọ́, á ní mo fi ewúrẹ́ mú ọmọ òun ni. Á ní ọmọ òun ò fẹ́ràn Rini tẹ́lẹ̀, òkè ló tì í wá. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣé o gbọ́ mi?

KARSONO: Ẹ̀gbọ́n mi.

ÌYÁ RINI: Kí ló dé?

KARSONO: Ìyá Galih dà báyìí?

ÌYÁ RINI: Ó ń sùn ní yàrá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn òun. Orúnkún ń dùn ún.

KARSONO: Ẹ lọ kàn án.

ÌYÁ RINI: O ò gbọ́ pé ó ní kí ẹnikẹ́ni má—

KARSONO: Ẹ ṣáà lọ kàn án.

[Bàtà ilé ń ta pá-pá-pá lórí sìmẹ́ǹtì. A kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. A tún kàn án, kì í ṣe jẹ́jẹ́ mọ́. Ilẹ̀kùn ṣí.]

ÌYÁ RINI: Kò sí níbẹ̀. Bàtà ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Aṣọ òtútù ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Karsono, obìnrin yìí ti lọ. Ó ti wọ mọ́tò padà sí Surabaya ìlú wọn. Ó ti gbọ́ nǹkan kan, ó sì—

KARSONO: Wọn ò lọ Surabaya.

ÌYÁ RINI: Ibo ló wà?

KARSONO: Lókè níbí.

[Nẹ́tíwọ̀kì já díẹ̀, ó tún dé.]

ÌYÁ RINI: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní òkè ibo?

KARSONO: Òkè Bromo. Láàárọ̀ tẹ́ ẹ wà lóko ni wọ́n ti dé. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn la iyanrìn kọjá. Mo gbé Kliwon pàdé wọn, wọ́n ní àwọn ò tíì bá Kliwon parí ọ̀rọ̀.

ÌYÁ RINI: Orúnkún tó ń dùn ún ńkọ́?

KARSONO: Wọ́n ní jíjókòó nílé yín ló ń dun orúnkún àwọn. Èmi ni mo jókòó sinmi lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n dúró dè mí.

ÌYÁ RINI: Mo ti ṣe gbogbo ètò yìí sílẹ̀. Ẹṣin arúgbó, tìmùtìmù, Bàbá Tini. Kí wá ló ń ṣe lókè láti àárọ̀?

KARSONO: Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àwọ̀n.

ÌYÁ RINI: Iṣẹ́ kí ni?

KARSONO: Wọ́n bá Mislan nídìí àtẹ̀gùn tó ń tún àwọ̀n ẹ̀ ṣe. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi àwọ̀n ṣe níbi tí kò sí ẹja. Ó ṣàlàyé. Wọ́n bá a sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹnu òkè, àbọ̀ ọ̀nà péré o, kò dé ibi tó gbóná. Mislan ń ju kábéèjì, wọ́n ń hán an. Ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́, wọ́n sì ní Mislan ni ò mọ̀ ọ́n jù.

[Ìyá Rini jókòó. Àga náà ké.]

ÌYÁ RINI: Kí ni Mislan tún sọ fún un?

KARSONO: Ẹ mọ Mislan.

ÌYÁ RINI: Ó sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

KARSONO: Ó sọ ọ́.

ÌYÁ RINI: Ti ọdún yìí àbí ti èṣí?

KARSONO: Àti èṣí ló ti bẹ̀rẹ̀.

ÌYÁ RINI: Báwo ni Mislan ṣe mọ ohun tí mo tọrọ?

KARSONO: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ pariwo ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ ju ewúrẹ́ yẹn. Gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló gbọ́. Àwọn kan ṣe àmín.

[Ohùn Ìyá Rini ti lọ sílẹ̀.]

ÌYÁ RINI: Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan ọmọ mi jẹ́. Ọmọ yẹn ò bẹ̀ mí pé kí n bá òun tọrọ nǹkan kan. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?

KARSONO: Ẹ mú sùúrù. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Àwọ̀n wà léjìká wọn.

ÌYÁ RINI: Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?

KARSONO: Eérú ti bò ó. Mi ò lè mọ̀.

ÌYÁ RINI: Má sọ fún un pé èmi ni—

KARSONO: Wọ́n ti bi mí. Wọ́n ń gba fóònù.

[Fóònù pààrọ̀ ọwọ́. Ẹnìkan ń mí bí ẹni tó ṣe eré ìdárayá tó dùn mọ́ ọn.]

ÌYÁ GALIH: Ìyá Rini.

ÌYÁ RINI: Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Ẹ kú ewu àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn—

ÌYÁ GALIH: Ẹ jẹ́ n tètè sọ̀rọ̀ kí nẹ́tíwọ̀kì yín tó lọ. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ní kí ọkọ tí òkè máa fún Rini má mutí?

ÌYÁ RINI: Òótọ́ ni, mà.

ÌYÁ GALIH: Kó níṣẹ́ lọ́wọ́?

ÌYÁ RINI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ GALIH: Kí ìyá ẹ̀ má le?

[Ó jọ pé Ìyá Rini ń bá Mislan jà lọ́kàn ara rẹ̀.]

ÌYÁ RINI: Ó sọ ìyẹn náà.

ÌYÁ GALIH: Ó sọ ọ́. Nínú mẹ́ta tẹ́ ẹ tọrọ, méjì lẹ rí gbà.

[Karsono wúkọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀rín ló ń fi pa mọ́, kì í ṣe ikọ́.]

ÌYÁ RINI: Mà, mi ò fi nǹkan kan mú ọmọ yín. Mo kàn tọrọ ni. Ẹyọ ọmọ kan ni mo bí, kò sì sí bàbá tó máa bá a wò ó bóyá ọkùnrin dáa tàbí kò dáa. Òkè yìí nìkan ni mo rí bi.

ÌYÁ GALIH: Èmi náà tọrọ.

ÌYÁ RINI: Mà?

ÌYÁ GALIH: Ìyàwó fún Galih. Láàárọ̀, lálẹ́, ọdún mélòó kan. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lèmi ń ṣe tèmi, kí àwọn ará àdúgbò má baà gbọ́. Ẹ̀yin pariwo tiyín. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tiyín ni wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ RINI: Mo gbọ́ yín, mà.

ÌYÁ GALIH: Mo wá wò ó bóyá ilé tó ń díbọ́n ni. Gbogbo nǹkan ló mọ́ jù, gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín jù, ara mi ò balẹ̀. Àfìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé Mislan ní kí n di òkúta mú.

[Afẹ́fẹ́. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já.]

ÌYÁ GALIH: Ẹ wá gbọ́ ètò tọ̀la. Ẹ fi ẹṣin arúgbó yẹn sílẹ̀, kó sinmi. Màá ti sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú yín, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta pẹrẹsẹ kan. Karsono mọ ibẹ̀. Ẹ rọra ju ewúrẹ́ yẹn sí mi.

ÌYÁ RINI: Sí yín?

ÌYÁ GALIH: Ewúrẹ́ yẹn ni alárinà àwọn ọmọ wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún fi alárinà gba ọ̀dùnkún mọ́. Tí mo bá hán an, á bá mi lọ sí Surabaya. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, iwájú ló máa wà.

ÌYÁ RINI: Ẹ ní lọ́jọ́ kí ni? Mà, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ ní lọ́jọ́—

ÌYÁ GALIH: —òtútù ibẹ̀ pọ̀. Ẹ fi omi atalẹ̀ yẹn dání fún mi.

ÌYÁ RINI: Màá fi dání. Màá pò ó kó gbóná. Ṣé ṣúgà yín tó wà lórí tábìlì ni kí n fi sí i?

ÌYÁ GALIH: Tèmi ti tán. Ṣúgà yín ni kí ẹ fi sí i, àna mi.

ÌYÁ RINI: Kí lẹ pè mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mà? Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]