Òpó Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí aago yẹn bá mi níwájú kọ̀ǹpútà, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo Halleluyah! Ẹ má bínú tí ohùn mi bá ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, ìtìjú wà níbẹ̀, ayọ̀ náà wà níbẹ̀, mi ò sì mọ èyí tí mo lè fi ṣíwájú.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe NYSC tán, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ya pláànù ilé ní Ibafo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ya ilé sórí kọ̀ǹpútà ní 3D, tó fi jẹ́ pé ẹ lè yí i kiri kí ẹ wo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ilé gidi. Tí a bá fẹ́ rí inú rẹ̀, a ó fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì là á sí méjì, bí ẹni fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì. Sẹ́ṣọ̀n là ń pè é. Kí Ọlọ́run dárí jì wá o, ibi tó bá rọrùn la máa ń gé. A kì í gé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, torí wàhálà ibẹ̀ pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn bíríkìlà ti wà ní sáìtì wa ní Mowe, wọ́n fẹ́ da kọnkéré ibi tí táńkì omi máa jókòó lé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá ní kí n tètè gé sẹ́ṣọ̀n kan ránṣẹ́ sí Bàbá Ìsẹ́yìn, fọ́mánì wa, kí wọ́n lè mọ bó ṣe máa ga tó. Kọ̀ǹpútà mi há. Ó há lẹ́ẹ̀mẹta! Mo gbọ́wọ́ lé e, mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí ojú tì mí lónìí." Bó ṣe ṣí báyìí, ọwọ́ mi yẹ̀. Ìlà tí mo fẹ́ fà gba pálọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Bí mo ṣe fẹ́ pa á rẹ́ ni mo rí i. Yéè! Òpó tó máa gbé táńkì dúró gbagidi lókè, lórí dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, kò sí òpó kankan tó gbé e ró. Afẹ́fẹ́ lásán! Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá tó ni ilé náà ní òpó kan dí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn òun. Mo yọ ọ́ nísàlẹ̀, mo gbàgbé ti òkè. Èmi ni o. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé.

Mo pe Bàbá Ìsẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á! Ẹ ní kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀!"

"Ìwọ ọmọ kọ̀ǹpútà, a ti po kọnkéré tán o. Ṣé àlá lo lá ni?"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wo abẹ́ òpó ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn."

Mò ń gbọ́ bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yàtọ̀. "Ọmọ mi, dẹ́kìn ti sán lábẹ́ ẹ̀. Ó sán gbọọrọ." Ni wọ́n bá figbe ta sí àwọn èèyàn wọn. Èèyàn mẹ́sàn-án ló sọ̀kalẹ̀ láàyè! Mo jókòó sílẹ̀, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Jésù ga!

Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè gbé máìkì sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo bi ọ̀gá bóyá a ti fún ẹlòmíràn ní pláànù yẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá kan ti fi kọ́lé ní Ifo, òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ti ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé yẹn ṣì dúró. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó kí mi kú oríire, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àdírẹ́sì ilé náà wà lọ́wọ́ mi. Táńkì wọn ti wà lókè, omi sì wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n máa lọ lẹ́yìn ìsìn yìí? Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, èmi tí wọn ò mọ̀ rí, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?